Àmín Etí Adágún

Èmi ni mo fẹ́ lọ. Kí n tètè sọ ọ́, kí ẹnikẹ́ni má bàa rò pé ọkọ mi ló wọ́ mi lọ síbẹ̀. Ọdún mẹ́ta gbáko ni mo fi ń yọ Cornelius lẹ́nu pé kó mú wa lọ sí àgọ́ ìgbafẹ́ kan tó wà létí adágún ní apá àríwá Houston, níbi tí àwọn èèyàn ti máa ń kó ìyàwó àtọmọ lọ sùn nínú ilé onípákó, tí wọ́n á máa lúwẹ̀ẹ́, tí wọ́n á máa yan ẹran lórí iná ìta, tí wọ́n á sì san owó tó ju owó ilé wa oṣù kan lọ fún ọjọ́ mẹ́ta. Obìnrin kan tí a jọ ń ṣiṣẹ́ ní daycare ló fún mi ní ìwé ìpolówó wọn. Mo lẹ̀ ẹ́ mọ́ ara fíríìjì nínú apartment wa ní Brays Oaks, ní ibi tí ojú ọkọ mi á ti máa rí i ní gbogbo ìgbà tó bá fẹ́ mu omi.

Cornelius kò fìgbà kan gbà.

“Bísọ́lá, bàbá mi ta ilẹ̀ kí n lè kúrò nínú igbó. O wá fẹ́ kí n sanwó padà wọ inú igbó?”

“Àwọn ọmọ ń dàgbà. Kí ni wọ́n fẹ́ máa rántí nípa wa? Iṣẹ́ àti ṣọ́ọ̀ṣì?”

“Ẹ̀fọn wà ní Brays Oaks. Ọ̀fẹ́ ló ń jẹ wá.”

Bí a ṣe ń bá a bọ̀ nìyẹn. Lọ́dọọdún, bí ẹ̀ẹ̀rùn bá ti dé tí ilé ìwé bá sì ti ń palẹ̀ mọ́, èmi á mú ọ̀rọ̀ náà wá, òun á fi ṣe yẹ̀yẹ́, èmi á bínú fún ọjọ́ méjì. Àwọn ọmọ wa méjèèjì, Inúolúwa tó jẹ́ ọmọ ọdún mẹ́wàá àti Delight tó jẹ́ mẹ́fà, ti mọ̀ ọ́n bí ẹni mọ orin.

Lọ́dún yìí, ìyá ọkọ mi wà lọ́dọ̀ wa. Mama dé láti Abẹ́òkúta ní oṣù kẹta, wọ́n sì máa padà ní oṣù kẹsàn-án. Ọmọ méjì péré ni Ọlọ́run fún wọn, Cornelius àti àbúrò rẹ̀, Èyítáyọ̀. Èyítáyọ̀ ló wà nílé pẹ̀lú wọn. Iṣẹ́ iná mànàmáná ló ń ṣe, òun àti Olúwatọ́mi ìyàwó rẹ̀ ló sì ń tọ́jú Mama. Kò sí ọjọ́ kan tí kì í fi ohùn rẹ̀ ránṣẹ́ sí ìyá rẹ̀ lórí WhatsApp. Mama á gbé fóònù sétí, wọ́n á máa rẹ́rìn-ín, wọ́n á tún un gbọ́ lẹ́ẹ̀mẹta.

Ohun kan wà láàárín èmi àti Mama tí mo gbọ́dọ̀ sọ. Cornelius máa ń parọ́ owó nǹkan fún wọn, bí gbogbo ọmọ ṣe máa ń ṣe, kí ìyá má bàa ní kí wọ́n dá ọjà padà. Ó ra bàtà kan fún wọn ní mall, ó ní ogún dọ́là ni. Mama yíjú sí mi.

“Bísọ́lá, èló ni?”

“Ọgọ́rin dọ́là ni, Mama.”

Cornelius fojú gún mi. Mama rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú wọn. Wọ́n ní, “Ẹnu rẹ mú bí abẹ, ọmọ yìí, ṣùgbọ́n kì í parọ́ fún mi. Ọjọ́ tí mo bá fẹ́ mọ òótọ́ nínú ilé yìí, ìwọ ni màá máa bi.” Láti ọjọ́ náà, bí wọ́n bá fẹ́ mọ ohunkóhun, ọ̀dọ̀ mi ni wọ́n máa ń wá. Inú mi dùn sí i ju bí mo ṣe jẹ́ kí ẹnikẹ́ni mọ̀ lọ. Kì í ṣe gbogbo ìyàwó ni ìyá ọkọ máa ń fọkàn tán báyẹn.

Ní Ọjọ́rú kan ní oṣù kẹfà, Cornelius ti ibi iṣẹ́ dé láti Katy ní ọ̀sán gangan. Kì í dé lọ́sàn-án. Ó dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó ní, “Ẹ kó ẹrù. A ń lọ sí àgọ́ yẹn lọ́la.”

Mo rò pé àwàdà ni. Ó na fóònù rẹ̀ sí mi, mo sì rí i pé ó ti san ẹgbàá dọ́là fún ọjọ́ mẹ́ta. Ọkùnrin tó máa ń rìn jìnnà nínú oòrùn kó má bàa sanwó ibi ìgbọ́kọ̀sí! Mo fò mọ́ ọn. Mo jó yí tábìlì ká, àwọn ọmọ bá mi jó. Mama bi í pé kí ló ṣẹlẹ̀ tó fi di olówó ńlá lójijì. Ó ní ọ̀gá òun ló fún òun lówó ẹ̀bùn níbi iṣẹ́. Mama gbé ọwọ́ sókè, wọ́n dúpẹ́.

Àwọn àgbà ní bí a bá ń sunkún, a máa ń ríran. Kò sẹ́ni tó kìlọ̀ fún mi pé bí èèyàn bá ń rẹ́rìn-ín, ojú rẹ̀ lè fọ́. Ojú Cornelius pọ́n, èmi ò rí i. Kò jẹun, èmi ò rí i. Ó ti gba fóònù Mama láti àárọ̀ ọjọ́ náà, ó ní bátìrì rẹ̀ ti wú, pé òun á mú un lọ fún àtúnṣe. Aṣọ ìwẹ̀ tí mo fẹ́ rà ni mo ń rò.

A dé àgọ́ náà ní Ọjọ́bọ̀ lẹ́yìn ọ̀sán. Wọ́n so okùn aláwọ̀ ewé mọ́ wa lọ́rùn ọwọ́ lẹ́nu géètì. Mama wo tiwọn, wọ́n ní, “Ṣé ẹlẹ́wọ̀n ni wá ni?” Nígbà tí wọ́n rí ilé onípákó tí a máa sùn, wọ́n dúró, wọ́n fọwọ́ kan ara ògiri rẹ̀, wọ́n wo òrùlé.

“Ahéré nìyí, Cornelius. Inú irú rẹ̀ ni wọ́n bí mi sí lóko bàbá mi. A ò sanwó.”

“Ó ní AC nínú, Mama,” ni Inúolúwa wí.

“Ahéré náà ni.”

Kí n má purọ́, ibẹ̀ dára. Adágún náà tẹ́ lọ rẹrẹ, igi páìnì yí i ká. Omi ìwẹ̀ ńlá mẹ́ta ló wà níbẹ̀, òmíràn sì ń ṣàn yípo bí odò, tí èèyàn á jókòó sórí róbà onífẹ́ẹ́fẹ́, tí omi á sì máa gbé e lọ wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́. Ọkùnrin kan wọ aṣọ béárì onírun, ó ń dì mọ́ àwọn ọmọdé kiri. Àwọn ọmọ wa ti Mama síwájú rẹ̀. Mama kò mọ ohun tó yẹ kí wọ́n ṣe, ni wọ́n bá kí i bí ẹni kí òṣìṣẹ́. “Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin inú aṣọ. Ṣé ooru ò mú yín?” Béárì náà di wọ́n mọ́ra, ó gbé wọn jó. Mama kọ́kọ́ pariwo, lẹ́yìn náà ni wọ́n bú sẹ́rìn-ín, gèlè wọn ṣí bọ́ sílẹ̀, wọ́n ń jó. Mo ya fídíò gbogbo rẹ̀, mo gbé e sí status mi, mo kọ sábẹ́ rẹ̀ pé, “Mama wa ń jayé. Ẹ bá wa yọ̀.”

Kò ju wákàtí kan lọ tí Láyíwọlá fi ohùn ránṣẹ́ sí mi. Ọmọ ẹ̀gbọ́n bàbá Cornelius ni, Cinco Ranch ló ń gbé. Mama àti àwọn ọmọ wà nínú omi nígbà náà, mo gbé fóònù sétí.

“Aunty Bísọ́lá, please, ẹ yọ status yẹn kúrò, abeg. Àwọn ará ilé ti ń rí i o. Kí ló dé tí ẹ ní ká bá yín yọ̀, nígbà tí òkú Bọ̀dá Èyítáyọ̀ ṣì wà nílẹ̀?”

Mo tún un gbọ́. Mo jókòó sórí ilẹ̀ tútù lẹ́gbẹ̀ẹ́ omi. Wọ́n ní ẹnu àìmẹ́nu, ètè àìmétè ló ń mú ọ̀ràn bá ẹ̀rẹ̀kẹ́. Tèmi kò tiẹ̀ kan ẹnu, ìka lásán ni. Nígbà tí mo fẹ́ yọ fídíò náà, mo rí i pé èèyàn mọ́kànléláàádọ́ta ti wò ó. Orúkọ Olúwatọ́mi, ìyàwó Èyítáyọ̀, wà lára wọn.

Mo bá Cornelius níbi ẹ̀rọ yìnyín lẹ́yìn ilé ìtajà, ó ń bu yìnyín sínú kúlà. Níwájú Mama, “ẹ” ni mo máa ń bá ọkọ mi sọ. Bí ó bá ku àwa méjì, kò rí bẹ́ẹ̀.

“O mọ̀?”

Kò bi mí pé kí ni. “Láti àná.”

“O sì jẹ́ kí n máa jó!”

“Ojú rẹ kì í pa nǹkan mọ́, Bísọ́lá. Bí mo bá sọ fún ẹ, kí a tó dé orí freeway ni Mama á ti kà á lójú rẹ.”

Ó sọ ọ́ fún mi díẹ̀díẹ̀. Èyítáyọ̀ ṣubú níbi iṣẹ́ ní Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, wọn ò gbé e dé ọsibítù. Ẹni ọdún mẹ́rìndínlógójì. Òkú ọ̀fọ̀ ni, wọ́n á sin ín ní Ọjọ́ Ẹtì láìsí ariwo. Bàbá Adéògún, àbúrò Mama ọkùnrin kan ṣoṣo, ló gbọ́dọ̀ túfọ̀ náà fún wọn, láàárín àgbà, pẹ̀lú pásítọ̀, nínú ilé. Chicago ni bàbá náà ń gbé, kò sì lè dé kó tó di Ọjọ́ Àìkú.

“Ẹ̀jẹ̀ ríru wà lára Mama,” ni Cornelius wí. “A kì í sọ irú rẹ̀ fún ìyá bí ẹni ń sọ pé ẹyin fọ́. Bí a bá sì jókòó sílé, gbogbo Brays Oaks ló ti gbọ́. Àwọn ará ṣọ́ọ̀ṣì á wá, wọ́n á máa fa imú. Mo ń wá ibi tí Yorùbá kankan ò sí.”

“Hotel ńkọ́?”

“Nínú hotel, wọ́n á jókòó, wọ́n á máa ronú, wọ́n á ní kí n gba fóònù àwọn wá. Mo lọ mu omi, mo rí ìwé rẹ yẹn lára fíríìjì.” Ó ti ọwọ́ méjèèjì bọ inú yìnyín, kò sì yọ wọ́n. “Àbúrò mi kan ṣoṣo, Bísọ́lá.”

Mo fẹ́ dì í mú. N kò lè dì í mú, nítorí Mama ń wò wá láti inú omi. Wọ́n ń juwọ́ sí wa. Èmi náà juwọ́ padà.

Bí mo ṣe gba ohun tí mo ti ń bẹ̀bẹ̀ fún láti ọdún mẹ́ta nìyẹn. Mo bínú sí Cornelius, mo sì bínú sí ara mi ju tirẹ̀ lọ. Ṣùgbọ́n ohun tó wà níwájú wa kò ṣòro láti mọ̀. Kí Mama má gbọ́ títí di Ọjọ́ Àìkú. Kí wọ́n má gbọ́ ọ lójijì lẹ́nu ẹni tí kò yẹ, ní ibi tí kò yẹ. Gbogbo rẹ̀ wá dọwọ́ ojú mi tí kì í pa nǹkan mọ́.

Ní Ọjọ́ Ẹtì, kí a tó jí, ọ̀sán ti ń lọ ní Abẹ́òkúta. Cornelius rìn lọ sẹ́nu géètì láti gba ìpè. Nígbà tó padà, Mama ń jẹ àkàrà òyìnbó lẹ́gbẹ̀ẹ́ béárì, wọ́n ń fi ṣíbí fún un lóúnjẹ nínú aṣọ. Cornelius kọjá lẹ́yìn mi, ó ní jẹ́jẹ́, “Wọ́n ti ṣe tán.” Ó wá lọ jókòó, ó gé àkàrà tirẹ̀ sí wẹ́wẹ́, kò jẹ ẹ́.

Lẹ́yìn oúnjẹ, Mama ní dandan àwọn á gun omi tó ń ṣàn yẹn. A gbé wọn sórí róbà, èmi náà gun tèmi, mo di ọwọ́ wọn mú. Omi ń gbé wa lọ lábẹ́ igi. Fún ìgbà díẹ̀, bóyá kò tó ìṣẹ́jú márùn-ún, mo gbàgbé. Oòrùn ń dán lórí omi, ara tù mí, mo rẹ́rìn-ín látọkàn wá. Nígbà tí mo rántí, ó dà bíi pé mo jalè.

“Gbé fóònù rẹ wá,” ni Mama wí. Inú ọ̀rá tí omi kì í wọ̀ ló wà lọ́rùn mi. “Mo fẹ́ bá Èyítáyọ̀ sọ̀rọ̀. Bá mi tẹ̀ ẹ́.”

Mo ṣí WhatsApp, níbi tí wọ́n ti ń gba ohùn sílẹ̀. Mo tẹ̀ ẹ́.

“Èyítáyọ̀, ọkọ mi, ìyá rẹ rèé o! Orí omi ni mo wà. Mi ò wẹ̀, mi ò ṣe nǹkan kan, omi ló ń gbé mi kiri bí ọba obìnrin. Bísọ́lá wà níbí, ó ń rẹ́rìn-ín. Ẹ̀gbọ́n rẹ ní ìwọ náà máa wá. Àbí, Bísọ́lá? Sọ fún un.”

“Bẹ́ẹ̀ ni, Mama.”

“O gbọ́ ọ? Dá mi lóhùn o. Má jẹ́ kí iṣẹ́ pa ọ́.”

Wọ́n ń wo ọwọ́ mi, mo ní láti fi í ránṣẹ́. Àmì kan ṣoṣo ló yọ lábẹ́ rẹ̀. Mama mọ ìtumọ̀ àmì náà. “Kò tíì dé ọ̀dọ̀ rẹ̀. Ṣé kò ní iná ni?”

“Bóyá kò ní iná, Mama.”

Irọ́ àkọ́kọ́ nìyẹn. Èkejì kò pẹ́ dé. Nígbà tí a ń gbára gbẹ, wọ́n bi mí ní ohun tí wọ́n ti bi Cornelius lẹ́ẹ̀mejì.

“Bísọ́lá, èló ni wọ́n gbà níbí?”

Cornelius dúró lẹ́yìn wọn, ó ń wò mí. Bí mo bá sọ iye rẹ̀, Mama á mọ̀ pé kò sí ọ̀gá kan tó ń fúnni lẹ́bùn tó tó bẹ́ẹ̀, wọ́n á sì bi mí pé kí ló wá fà á. Mo ní, “Ẹ̀ẹ́dẹ́gbẹ̀ta dọ́là, Mama.” Wọn ò wo ojú Cornelius kí wọ́n tó gbà. Ẹnu mi ló ti jáde. Wọ́n ní, “Ó wọ́n díẹ̀, ṣùgbọ́n ó tó bẹ́ẹ̀.” Wọ́n wá wọ ilé ìtajà, wọ́n tú owó inú ìborùn wọn, wọ́n ra fìlà tí àwòrán béárì wà lórí rẹ̀. Ti Èyítáyọ̀ ni. Mo ní kí wọ́n jẹ́ ká rà á lọ́jọ́ mìíràn, wọ́n ní ahun ni mí.

Ọ̀rọ̀ burúkú tòun tẹ̀rín. Mo ti ń gbọ́ ọ láti kékeré, n kò mọ̀ pé èèyàn lè gbé inú rẹ̀ fún odidi ọjọ́ mẹ́ta. Mama kò rẹ́rìn-ín tó bẹ́ẹ̀ rí láti ìgbà tí wọ́n ti dé Amẹ́ríkà. Ní Brays Oaks, wọ́n máa ń jókòó ti fèrèsé láti àárọ̀, kí a tó ti ibi iṣẹ́ dé. Níbí, gbogbo èèyàn ló ń kí wọn. Wọ́n kọ́ ìyá òyìnbó kan tó wà nílé kejì bí wọ́n ṣe ń sun àgbàdo kó má jóná. Cornelius ti ń sọ láti ọdún mẹ́ta pé ibẹ̀ kò tó owó tí wọ́n ń gbà. Ó tó o. Ìyẹn gan-an ló ń dùn mí. Ká ní a wá lọ́dún tó kọjá, tàbí ní oṣù tó kọjá, Èyítáyọ̀ ì bá gbọ́ ohùn ìyá rẹ̀ lórí omi.

Ní ìrọ̀lẹ́ Ọjọ́ Àbámẹ́ta, oòrùn ò tíì wọ̀, a dá iná síwájú ilé onípákó náà, a yan adìyẹ. Nígbà tí a jẹun tán, Mama ní kí gbogbo wa kúnlẹ̀. Lórí iyanrìn ni a kúnlẹ̀ sí. Mama dúró lókè wa, wọ́n gbé ọwọ́ kan lé orí Cornelius, èkejì lé orí mi.

“Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ yín. Ẹ ò jẹ́ kí n wá sí Amẹ́ríkà wá wo ògiri. Ẹ ò ní wo ògiri lọ́jọ́ ogbó yín.”

“Àmín,” ni gbogbo wa wí.

“Àwọn ọmọ yín á ṣe jù báyìí lọ fún yín.”

“Àmín.”

“Oore tó ṣẹlẹ̀ sí Cornelius tó fi kó wa wá síbí, irú rẹ̀ á tún ṣẹlẹ̀ sí wa lọ́dún tó ń bọ̀.”

Delight nìkan ló dáhùn. Mo gbọ́ bí igi ṣe ń ta pàrà nínú iná. Lábẹ́ ọwọ́ Mama, mo rí i tí èjìká Cornelius ń gbọ̀n.

“Ẹ ò ṣàmín?”

Cornelius húkọ́, ó nu ojú. Ó ní èéfín ni. Mama yí ojú sí mi, ọwọ́ wọn wúwo lórí mi.

“Bísọ́lá?”

Kí ni mo fẹ́ ṣe? Bí mo bá dákẹ́, wọ́n á bi mí, bí wọ́n bá sì bi mí, màá sunkún. Alẹ́ ọjọ́ kan péré ló kù.

“Àmín, Mama.”

“Kó ròkè! Kí Ọlọ́run gbọ́ ọ!”

“Àmín!”

Inú wọn dùn, wọ́n fi ọwọ́ pa mí lórí. Mo wọlé lọ, mo ṣí omi ẹ̀rọ, mo fi yọ ẹnu lẹ́ẹ̀mẹta bí ẹni tó jẹ ohun tó kan.

Ní Ọjọ́ Àìkú, a padà sílé ní ọ̀sán. Bí a ṣe ń yà wọ ibi ìgbọ́kọ̀sí, mo rí ọkọ̀ Láyíwọlá, mo rí ọkọ̀ pásítọ̀ wa, mo sì rí Bàbá Adéògún tó dúró nínú bùbá àti ṣòkòtò lẹ́nu ọ̀nà wa, ọwọ́ lẹ́yìn. Mama náà rí i. Wọ́n di ọwọ́ mi mú, lórí okùn aláwọ̀ ewé tí a kò tíì já.

“Bísọ́lá. Kí ni Adéògún ń ṣe níbí?”

Mo fi ọwọ́ kejì ṣí ilẹ̀kùn ọkọ̀.

“Ta ni?”

“Ẹ jẹ́ ká wọlé, Mama.”

“Ìwọ ni mo bi.”

“Ẹ jọ̀ọ́, Mama. Ẹ jẹ́ ká wọlé.”

Wọ́n fi ọwọ́ mi sílẹ̀. Wọ́n sọ̀ kalẹ̀ fúnra wọn, wọ́n sì mú àpò tí fìlà wà nínú rẹ̀ dání.

Nígbà tí a wọlé, Bàbá Adéògún ṣe é bó ṣe yẹ. Ó kọ́kọ́ dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run, ó sọ ti bàbá wọn tó ti lọ, ó sọ ti àwọn ọmọ tí Ọlọ́run ń fúnni àti èyí tí Ọlọ́run ń gbà. Ó kúnlẹ̀ níwájú ẹ̀gbọ́n rẹ̀, òun tó ti lé ní àádọ́rin ọdún. Ó ní, “Ẹ̀gbọ́n mi, Èyítáyọ̀ ti fi wá sílẹ̀.” Àwọn obìnrin ṣọ́ọ̀ṣì tó bá pásítọ̀ wá bẹ̀rẹ̀ sí í sunkún. Mama kò sunkún.

“Ọjọ́ wo?”

“Ọjọ́ Ìṣẹ́gun.”

“Wọ́n ti sin ín?”

“Ní Ọjọ́ Ẹtì, ní àárọ̀.”

Wọ́n ka ọjọ́ náà lórí ìka wọn. “Ọjọ́ Ẹtì, orí omi ni mo wà. Mo ń rẹ́rìn-ín sí i.” Wọ́n wá wò mí. “Èló ni ibẹ̀ yẹn, Bísọ́lá?”

“Ẹgbàá dọ́là, Mama.”

“Kò sí owó ẹ̀bùn.”

“Kò sí.”

Wọ́n mi orí bí ẹni tí wọ́n sọ iye tí wọ́n ra ọjà gan-an fún. Mo rò pé ó ti parí síbẹ̀. Ni mo bá rí i tí ojú wọn yí padà. Wọ́n dìde dúró.

“Mo gbàdúrà,” ni wọ́n wí fún Bàbá Adéògún. “Létí omi. Mo ní oore tó ṣẹlẹ̀ tí wọ́n fi gbé mi lọ síbẹ̀, irú rẹ̀ á tún ṣẹlẹ̀ sí wa lọ́dún tó ń bọ̀. Mo fi ọwọ́ mi lé Cornelius lórí, mo sọ ọ́.”

Pásítọ̀ ní, “Mama, Ọlọ́run mọ ohun tó wà lọ́kàn yín. Kò ní gbọ́ ọ bẹ́ẹ̀.”

“Ẹ dákẹ́, ẹ̀yin ò sí níbẹ̀. Cornelius ò ṣàmín sí i. Ó ní èéfín ni. Bísọ́lá ló ṣe é. Ó ṣe é lẹ́ẹ̀mejì. Ó mọ ohun tó ń ṣàmín sí.” Wọn ò pariwo. Ì bá sàn ká ní wọ́n pariwo.

“Mama, ẹ má bínú,” ni mo wí. “Mi ò mọ ohun tí mo lè ṣe. Ẹ̀rù ló bà mí.”

Mama yíjú kúrò lọ́dọ̀ mi. Wọ́n di apá àga mú, wọ́n sì kúnlẹ̀, àgbàlagbà obìnrin, lórí kápẹ́ẹ̀tì wa. Gbogbo ilé dìde pé kí wọ́n má kúnlẹ̀. Cornelius fẹ́ gbé wọn sókè, wọ́n fi ìgbọ̀nwọ́ tì í, lẹ́yìn náà wọ́n fà á mọ́ra, wọ́n di orí rẹ̀ mú mọ́ àyà wọn.

“Olúwa, èyí tí mo sọ létí omi, mo kó o jẹ. Mi ò mọ̀ ni. Òun nìkan ló kù. Má fi ẹnu èmi mú un lọ.”

“Àmín!” Àmín náà kún yàrá, ó mì fèrèsé. Láyíwọlá ṣe é, pásítọ̀ ṣe é, àwọn ọmọ mi méjèèjì ṣe é pẹ̀lú ẹkún. Mama kò la ojú. Wọ́n ń tẹ́tí bí ẹni tó ń ka owó nínú òkùnkùn.

“Mi ò gbọ́ ti Bísọ́lá,” ni wọ́n wí.

Mo ya ẹnu. Afẹ́fẹ́ lásán ló jáde. Cornelius gbé ojú sókè láti àyà ìyá rẹ̀, ó ń wò mí. Gbogbo ilé ń wò mí.

“Bísọ́lá,” ni Mama tún wí, ojú wọn ṣì dì, “mi ò tíì gbọ́ tìrẹ.”